Ìkúnlẹ̀ Tí Àbẹ̀ní Kọ́ Ọmọ Rẹ̀

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún gbáko ni Àbẹ̀ní fi kọ́ Ayọ̀nitèmi, ọmọ rẹ̀ obìnrin, bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Ẹ̀pà sísun ló fi kọ́ ọ. Bí ọmọ náà bá fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, tó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà," ìyá rẹ̀ á fi ẹ̀pà kan sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bí kò bá kúnlẹ̀, kò sí ẹ̀pà. Lọ́jọ́ kìíní, ọmọ náà da abọ́ ẹ̀pà nù, ó sì ń fi orí gbá ògiri. Lọ́jọ́ keje, ó tẹ orúnkún kan. Lọ́jọ́ kẹtàlá, ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó já geere, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Àbẹ̀ní sá wọ yàrá, ó fi etí ìró rẹ̀ bo ojú, ó sunkún títí.

Kí ẹ má rò pé ìkà ni ìyá yìí. Ohun tí ojú rẹ̀ ti rí ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Àbẹ̀ní àti Ògúnkúnlé, ọkọ rẹ̀, kì í ṣe ọmọ Ìwó. Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n ti wá, lódìkejì ibodè, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti dé. Ọkọ ń mọ búlọ́ọ̀kù, ìyàwó ń dín gààrí. Yorùbá ni wọ́n, Yorùbá ni bàbá tó bí wọn, ṣùgbọ́n àdúgbò kò fún wọn lórúkọ mìíràn ju "àwọn ará Kútọnú" lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Àbẹ̀ní kò fẹsẹ̀ tẹ Kútọnú rí láyé rẹ̀.

Ìwó ni wọ́n bí Ayọ̀nitèmi sí. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́wàá báyìí. Bí èèyàn bá pè é, kò ní wojú ẹni náà. Ìdérí ìgò ló máa ń ṣà jọ, á tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí ààrò, bí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bá sì ṣèèṣì kan ẹyọ kan, igbe tí yóò ké, adìẹ á fò gun òrùlé. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún, á di etí méjèèjì, á máa yí gbirigbiri nínú erùpẹ̀. Kò sì kí ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ ní ìlú wa. Ọmọ tí kò rìn lè rí aláàánú, ọmọ tí kò kí àgbà kò rí.

Alfa Àmúdà, bàbá onílé wọn, ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀. Ó jókòó síwájú ilé pẹ̀lú tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àbẹ̀ní, ọmọ ẹ ń kọjá lára àgbà bí ẹni ń kọjá lára igi. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń tọ́mọ ní Kútọnú yẹn?"

Àbẹ̀ní kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ara rẹ̀ ni kò yá."

"Ara tí kò yá wo? Ṣé kì í ṣe òun ló ń fò kiri yẹn?"

Láti ọjọ́ náà ló ti di ohun tí ojúlé kọ̀ọ̀kan ń sọ pé àwọn ará Kútọnú ò kọ́ ọmọ.

Àbẹ̀ní gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó bá níbẹ̀ kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ọmọ náà. Ó ní èdè ló pọ̀ jù nínú ilé wọn. "Ẹ ń sọ tiyín, ẹ ń da Faransé pọ̀ mọ́ ọn, ẹ tún ń sọ tiwa. Orí ọmọ ọ̀hún ti dàrú. Ẹ pa èdè yín tì, ẹ máa sọ tibí fún un." Àbẹ̀ní gbà á gbọ́, torí pé aṣọ funfun ló wà lọ́rùn ẹni tó sọ ọ́. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni kò fi èdè ìyá rẹ̀, Yorùbá àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́, bá ọmọ inú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Orin tí wọ́n fi rẹ òun náà lẹ́kún nígbà tó wà ní kékeré, ó gbé e mì. Bó bá pọn ọmọ sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ á dákẹ́ bí ẹni tó bu omi sẹ́nu. Ọmọ náà kò sì sọ̀rọ̀. Nígbà tó padà lọ, nọ́ọ̀sì mìíràn ló bá. Ìyẹn ní kó lọ fọkàn balẹ̀, pé àwọn ọmọ kan máa ń pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó kọ nǹkan kan sínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ wà bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí Ràódàt wọ agbolé wọn. Ràódàt ni ọmọbìnrin tó máa ń gbé ajẹ́sára káàkiri ojúlé. Ó ti kán oògùn sẹ́nu àwọn ọmọ yòókù tán, ó wá dúró, ó ń wo Ayọ̀nitèmi níbi tó ti ń to ìdérí ìgò. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Kò dá a lóhùn. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Ìyá Ayọ̀," ó ní, "ta ló sọ fún yín pé aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọ yìí?"

"Gbogbo ayé."

"Gbogbo ayé ò mọ̀. Nǹkan ń ṣe é, nǹkan ọ̀hún sì lórúkọ. Ọ́tísíìmù ni wọ́n ń pè é. Wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Ẹ̀yin kọ́ lẹ fà á."

Àbẹ̀ní jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti ọdún mẹ́rin, ẹni àkọ́kọ́ rèé tó sọ fún un pé òun kọ́ ló fà á.

Ràódàt sọ pé àwọn kan ń bọ̀ láti Òṣogbo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n á yẹ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wò nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́bàá ọjà. Ọmọ mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́ mú, wọ́n á sì máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn gbé, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti pé ọdún márùn-ún, wọn ò ní gbà á.

"Ó ku oṣù méjì kó pé e," Àbẹ̀ní wí.

"Ẹ ò wá gbọdọ̀ pàdánù èyí nìyẹn. Wọn ò ní tún padà wá kó tó pé e."

"Ṣé wọ́n á gba ọmọ àlejò?"

"Ọmọ ni wọ́n sọ. Wọn ò sọ ọmọ ta."

Níbẹ̀ ni Àbẹ̀ní ti ṣe àṣìṣe rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti ń wò bí aláìlẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún pípẹ́ ló lè ṣe irú rẹ̀. Ó rò ó lọ́kàn pé ibi tí wọ́n ti ń fúnni ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ tó mọ ìwà hù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún. Ó ní ọmọ òun kò ní wọlé síwájú àwọn ará Òṣogbo bí ọmọ ará Kútọnú. Ó ra ẹ̀pà.

Ògúnkúnlé bi í pé, "Ìyá Ayọ̀, ṣé a ò kúkú ní gbé e lọ bó ṣe rí?"

"Kí wọ́n lè ní a ò kọ́ ọ, àbí?"

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀ tí sìmẹ́ǹtì ti jẹ.

Nígbà tí ọjọ́ Ajé pé, Àbẹ̀ní wẹ ọmọ, ó di irun rẹ̀, iṣẹ́ tó gbà á ní wákàtí méjì torí pé ọmọ náà kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan orí òun. Wọ́n dé gbọ̀ngàn ní aago mẹ́jọ. Àwọn ìyá ti kún orí bẹ́ǹṣì, àwọn mìíràn wá láti Kuta, àwọn kan láti Ilé-Ogbó. Ní ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn ni Ọ̀gbẹ́ni Níyì jókòó sí nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ti wọlé. Òun ni olùkọ́ tí yóò máa kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní láti kọjá lọ́dọ̀ Ìyáàfin Tolúlọpẹ́, tó jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú bébà, bírò àti rúlà. Òun ló ń sọ ẹni tó wọlé àti ẹni tí kò wọlé.

"Ibo lẹ ti wá?"

"Ẹ̀yìn ọjà ni, mà."

"Mi ò bèèrè àdúgbò. Ìlú yín ni mo bèèrè."

"Ṣábẹ̀ẹ́ ni, mà."

"Ibo nìyẹn?"

"Lọ́nà Kútọnú, mà."

"Ẹn-ẹ́n. Ègùn ni yín."

"Rárá, mà. Yorùbá ni wá."

"Yorùbá Kútọnú." Ìyáàfin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ibi tí wọ́n ti bèèrè ìjọba ìbílẹ̀ lórí bébà, ó fi rúlà fa ìlà kọjá níbẹ̀.

Àbẹ̀ní fọwọ́ kan èjìká ọmọ. Ayọ̀nitèmi kúnlẹ̀. Ìkúnlẹ̀ ọmọ tó bára mu ni, orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀, orí tẹ̀ ba. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Lẹ́yìn náà ló na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú, ó ń retí ẹ̀pà.

Ojú Ìyáàfin Tolúlọpẹ́ túká. Ó bọ ọmọ náà lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ wò ó bó ṣe kúnlẹ̀ kí mi, tó tún nawọ́ sí mi. Àwọn ọmọ tiwa gan-an ò mọ èyí ṣe mọ́." Ó mú bísíkíìtì jáde látinú àpò, ó fi sí i lọ́wọ́. Ayọ̀nitèmi dìde, ó ń jẹ ẹ́. Ìyáàfin náà fa bébà mọ́ra, ó ń ka ohun tó wà níbẹ̀ bó ṣe ń fàmì sí i. "Ṣé ọmọ ń kí àgbà? Ó ń kí. Ṣé ó ń sọ̀rọ̀? Ó ń sọ ọ́. Ṣé ó ń súnmọ́ èèyàn? Ó súnmọ́ mi." Ó gbé bírò sílẹ̀. "Ìyá, ẹ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọmọ yín ò ní nǹkan kan."

Àbẹ̀ní sún mọ́ tábìlì. "Mà, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló mọ̀. Kò mọ òmíràn."

"Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ló fi sọ ọ́ ni?"

"Kò mọ ohun tó ń sọ, mà. Kì í dáhùn. Bí ẹ bá rí i nílé—"

"Ìyá." Ohùn obìnrin náà le. "Ẹ wo bẹ́ǹṣì yẹn. Ṣé ẹ rí ọmọ tó ń da itọ́ sára yẹn? Ṣé ẹ rí èyí tí wọ́n so mọ́ ìyá rẹ̀ nídìí kó má baà sá lọ? Àwọn yẹn ni mo wá wò. Ẹ̀yin èèyàn yín, bí ẹ bá ti gbọ́ ọ̀fẹ́ báyìí, ẹ ò kí ń fẹ́ kó kọjá yín. Ẹ máa lọ."

Ó fi rúlà fa ìlà lórí orúkọ Ayọ̀nitèmi.

Àbẹ̀ní kò mọ bó ṣe rìn délé. Ohun tó ń ta á lára jù ni pé láti ọjọ́ tó ti bímọ náà, ẹnì kankan kò yìn ín rí pé ó kọ́ ọmọ. Ọjọ́ tí wọ́n wá yìn ín, ìyìn náà ni wọ́n fi tì í síta.

Ó jókòó ti agbada gààrí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ń yí i láìwò ó, títí tí Kareemah fi gba ìgbákọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kareemah dàgbà jù ú lọ, wọ́n sì jọ ń dín gààrí ni. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó pòṣé.

"Wọ́n ṣì máa wà níbẹ̀ lọ́la?"

"Ọ̀la ló parí."

"Bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní fún un lóúnjẹ àárọ̀. Màá gbé e gba ìdí ẹ̀rọ tí Abdulsobur fi ń rin ẹ̀gẹ́ kọjá, màá dúró níbẹ̀ kó dún sí i létí dáadáa. Kó tó dé gbọ̀ngàn, á ti sínwín tán. Wèrè ni wọ́n ń wá. Gbé wèrè fún wọn."

"Àǹtí Kareemah, ọmọ mi ni o."

"Ọmọ ẹ náà ni mo ń sọ. Ṣé ọmọ ẹlòmíì lo fẹ́ kí n sọ ni?"

Ẹ̀rín já lẹ́nu àwọn méjèèjì láìfẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Àbẹ̀ní.

Nígbà tí Ògúnkúnlé délé, tó gbọ́, òun náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ìwọ obìnrin yìí, o kọ́ ọmọ títí wọ́n fi lé e níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ." Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Ó ní, "A lè padà sílé."

"Ilé wo? Ta ló ń kọ́ irú ọmọ yìí ní Ṣábẹ̀ẹ́?"

"Ó kéré tán, wọn ò ní pè wá ní ará Kútọnú."

"Bàbá Ayọ̀, orúkọ tí wọ́n ń pè wá kọ́ ló ń dùn mí." Ó dìde dúró. "Wọ́n ní a ò kọ́ ọmọ, mo kọ́ ọ. Mo kọ́ ọ tán, wọ́n ní ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti pé jù. Wọ́n ní kí n gbé èdè mi mì, mo gbé e mì. Ohun gbogbo tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ṣe. Èwo ló kù tí mi ò tíì ṣe fún wọn?"

Ọkọ rẹ̀ bu omi sí ife, ó gbé e fún un.

Ní ọjọ́ kejì, Àbẹ̀ní fún ọmọ ní ẹ̀kọ àti àkàrà, ó jẹ àjẹyó. Ọ̀nà méjì ló lọ sí gbọ̀ngàn. Èyí tó yá gba ìdí ẹ̀rọ Abdulsobur kọjá. Nígbà tó dé oríta, ó dúró. Ó ń wo Abdulsobur níbi tó ti ń da epo dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ̀rọ. Ayọ̀nitèmi di etí ìró ìyá rẹ̀ mú, ó ń kùn hùn-ùn hùn-ùn bó ṣe máa ń ṣe bí ara bá tù ú. Kò ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, Àbẹ̀ní rò ó. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, wọ́n á sì gbà á. Ó tún wo ọmọ náà. Ó yísẹ̀ padà, ó gba ọ̀nà tó jìn. Inú ń bí i bó ṣe ń lọ, ó ń bínú sí àwọn tó jẹ́ kí òun tilẹ̀ dúró ní oríta yẹn rárá.

Wọn kò pè é títí oòrùn fi kan àtàrí. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń wọlé lọ bá tábìlì, wọ́n ń jáde. Nígbà tó ku èèyàn mẹ́fà lórí bẹ́ǹṣì, ó dìde fúnra rẹ̀, ó di ọmọ lọ́wọ́ mú, ó lọ dúró síwájú tábìlì.

"Ìyá Kútọnú," Ìyáàfin Tolúlọpẹ́ wí, kò gbé ojú sókè, "ṣé mi ò ti dá yín lóhùn lánàá?"

"Ẹ dá mi lóhùn, mà. Ọmọ mi ni ẹ ò tíì dá lóhùn."

"Kí lẹ wí?"

"Ó kí yín, bísíkíìtì lẹ fún un. Ẹ jẹ́ kó kí yín lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wá bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má fún un ní nǹkan kan. Bó bá dá yín lóhùn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, màá gbé e lọ, ẹ ò ní rí mi mọ́."

Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ti ń wò wọ́n. Ìyáàfin náà wo àwọn èèyàn, ó tún wo Àbẹ̀ní, ó gbé bírò sílẹ̀.

Àbẹ̀ní fọwọ́ kan èjìká ọmọ. Ayọ̀nitèmi kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà."

"Ọ̀sán ti pọ́n," ẹnì kan wí lórí bẹ́ǹṣì, "káàárọ̀ kè."

"Káàsán, ọmọ dáadáa," ni Ìyáàfin Tolúlọpẹ́ wí. "Kí lorúkọ ẹ?"

Ọmọ náà na àtẹ́lẹwọ́. "Ẹ káàárọ̀ mà."

"Mo ní kí lorúkọ ẹ. Ta ló mú ẹ wá?"

"Ẹ káàárọ̀ mà."

Kò sí ẹ̀pà, kò sí bísíkíìtì. Ayọ̀nitèmi yí ara padà lórí orúnkún rẹ̀. Ó kọjú sí àga òfìfo kan, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà," ó na ọwọ́ sí i. Àga kò fún un ní nǹkan kan. Ó wọ́ lọ síwájú kẹ́ẹ̀gì omi, ó kí i. Ó wọ́ lọ síwájú báàgì ọkùnrin kan, ó kí ìyẹn náà. Orúnkún rẹ̀ ti funfun fún eruku. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó ràn títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà.

Àbẹ̀ní yíjú sí wọn. Kò pariwo.

"Ẹ rín in dáadáa," ó ní. "Nígbà tí kò kúnlẹ̀, ẹ ní a ò kọ́ ọ. Ó kúnlẹ̀, ẹ ní ara rẹ̀ le. Ó kúnlẹ̀ fún àga, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ irú ọmọ yìí náà ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀yin tí ẹ̀ ń rín in, òun ló gbé yín débí. Bí ẹ bá délé, ta ni yóò wá máa rín tiyín?"

Ìyá kan fa ọmọ tirẹ̀ mọ́ra, ó wo ilẹ̀.

Àbẹ̀ní tú kókó tó wà létí ìró rẹ̀, ó mú ẹ̀pà kan, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ. Ojú ẹsẹ̀ ni Ayọ̀nitèmi dìde. Ó jẹ ẹ́. Ó rìn wá sídìí tábìlì, ó kó àwọn bírò tó wà níbẹ̀, ó sì ń tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

"Mà," Àbẹ̀ní wí, "irọ́ ni ìkúnlẹ̀ yẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo fi kọ́ ọ, torí pé mi ò fẹ́ kí ẹ wò ó kí ẹ máa sọ pé ọmọ àlejò ni. Ẹ wá wò ó tán, ohun tí ẹ sọ náà nìyẹn."

Ọ̀gbẹ́ni Níyì ti dìde láti ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn. Ó dé ìdí tábìlì, kò pe ọmọ náà, kò fọwọ́ kàn án. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú bírò kan láti àpò rẹ̀, ó fi í sí ìparí ìlà tí ọmọ náà ń tò. Ayọ̀nitèmi dúró. Ó tún bírò náà tò kó lè gún régé, ó sì fi òmíràn tẹ̀ lé e. Níyì fi ọ̀kan sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jọ ń tò ó lọ fún ìgbà díẹ̀.

"Èdè wo lẹ fi ń bá a sọ̀rọ̀ nílé, mà?" Níyì bèèrè láìgbé ojú kúrò lára bírò.

"Ti ibí ni. Wọ́n ní kí n pa tiwa tì."

"Ta ló ní?"

"Nọ́ọ̀sì."

Níyì fi bírò mìíràn sí i. "Wọ́n ṣì yín lọ́nà, mà. Èdè méjì kì í fa èyí. Ẹ bá a sọ èdè yín. Èyí tó bá ti ọkàn yín wá ló dáa jù fún un."

Ó dà bí ẹni pé wọ́n gbá Àbẹ̀ní létí. "Ọdún kan àti ààbọ̀," ó ní. "Ọdún kan àti ààbọ̀ ni mo fi di odi fún ọmọ mi. Ta ló máa dá a padà fún mi?"

Níyì gbé ojú sókè wò ó. Ó yíjú sí Ìyáàfin Tolúlọpẹ́. "Ó yẹ kó wọlé, mà. Òun gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ wọlé."

"Mẹ́wàá ti pé láàárọ̀ yìí."

"Mo lè kọ́ mọ́kànlá."

"Ọ̀gbẹ́ni Níyì, àga mẹ́wàá ni wọ́n fún wa."

"Ṣé àga ló wá ṣẹ́ kù?" Àbẹ̀ní bèèrè. "Ọmọ mi á gbé tiẹ̀ wá láti ilé."

Ìyáàfin náà mí kanlẹ̀. Ó wá bébà tuntun, ó kọ orúkọ Ayọ̀nitèmi sórí rẹ̀. Nígbà tó dé ibi ìjọba ìbílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tún fẹ́ mú rúlà.

"Ìwó," Àbẹ̀ní wí.

"Ìlú bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè níbí."

"Ṣé bàbá rẹ̀ lẹ fẹ́ kọ́ ni, àbí ọmọ? Ìwó ni wọ́n bí i sí. Òun kò mọ ibòmíràn."

Bírò dúró lókè bébà. Lẹ́yìn náà, Ìyáàfin Tolúlọpẹ́ kọ Ìwó. Ó parí rẹ̀, ó tẹ̀yìn tì, ó ń wo Àbẹ̀ní, ó ń retí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ìlú yìí yóò retí lọ́wọ́ obìnrin tí wọ́n ṣe lóore. Àbẹ̀ní mọ̀ ọ́n. Orúnkún rẹ̀ tilẹ̀ fẹ́ tẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà nìyẹn. Ó dúró gbagidi.

"Aago mélòó ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀, mà?" ó bèèrè.

"Mẹ́sàn-án. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"A ó ti dé."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ògúnkúnlé mú pákó méjì nínú èyí tí wọ́n fi ń gbé búlọ́ọ̀kù tútù, ó kàn wọ́n pọ̀, ó fi iyanrìn ha á títí ara rẹ̀ fi dán. Àpótí kékeré ló jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú díẹ̀. Ó fi rọ́bà sí abẹ́ rẹ̀ kó má baà mì.

Nígbà tí Ọjọ́rú dé, Àbẹ̀ní gbé àpótí rù, ó fa ọmọ lọ́wọ́, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ ní èdè Ṣábẹ̀ẹ́ lójú títì, ó ń dárúkọ ohun tí wọ́n bá rí fún un, ewúrẹ́, kẹ̀kẹ́, òjò tó ṣú. Ọmọ náà kò dáhùn. Ìyẹn kò dá a dúró.

Àga mẹ́wàá ti wà lórí ìlà méjì nínú gbọ̀ngàn, ọmọ sì ti wà lórí wọn. Obìnrin tó ń gba àwọn ọmọ wọlé tọ́ka sí ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí wọ́n kó ìgbálẹ̀ sí.

"Ẹ gbé tiyín sí ọ̀hún."

Àbẹ̀ní wo ẹ̀yìn ọ̀hún. Ó rìn lọ síwájú, ó ti àga méjì síra díẹ̀díẹ̀ láìjí ọmọ tó ń tòògbé lórí ọ̀kan, ó gbé àpótí sáàárín wọn, ó sì mú Ayọ̀nitèmi jókòó sórí rẹ̀.